Orin Ẹranko Jàpáàn Ní Ẹ̀gbẹ́dá

"Ìyá, kí n má purọ́ fún yín," ni Ràímì Sàlàkọ́ wí, irọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Èmi gan-an ni mo fọn fèrè orin yẹn ní Jàpáàn. Bí mo ṣe fọn ún báyìí, òkun wọn là sí méjì bí búrẹ́dì. Àwọn ẹja jáde sí etí omi, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọba wọn fúnra rẹ̀ sáré jáde láìwọ bàtà, ó ní, 'Ràímì ọmọ Sàlàkọ́, jọ̀ọ́, rọra fọn ún, òrùlé ààfin mi ti ń ṣí lọ.'"

Ìyá Hàbíbátù tó kọjú sí ògiri lórí ẹní kò yíjú padà, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ mì díẹ̀. Ẹ̀rín ni.

"Èdè wo ló fi bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Yorùbá ni mà. Ojúlówó Yorùbá Ọ̀yọ́. Ó ní ìyá tó bí ìyá òun ti tajà dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí."

"Bọ̀dá Ràímì," Àdíját ọmọ ìyá náà dá sí i láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, "ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé Bàdágìrì rí?"

"Ọkọ̀ òfurufú tó gbé mi ni ò gba Bàdágìrì. Kí ni kí n ti wí fún awakọ̀? Kí n ní kó dúró kí n sọ̀ kalẹ̀ ra àgbọn ni?"

Ọdún tí owó Údójì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọdún tí ẹni tí kò ní iná mànàmáná nílé ń ra tẹlifíṣọ̀n, tó ń fi léèsì bò ó, tó sì ń jókòó síwájú rẹ̀ lálaalẹ́ bí ẹni pé yóò sọ̀rọ̀. Àlàájì Àmúsà náà kò kẹ̀rẹ̀. Ó fi páànù yí ilẹ̀ kan ká ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó pè é ní sinimá. Kò sí òrùlé níbẹ̀, òjò àti òṣùpá ń wọlé wo fíìmù láìsanwó. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn tí Àlàájì rà ga ju ìyá àti bàbá rẹ̀ lọ bí ọ̀kan bá gun orí èkejì. Bí ó bá húkọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn àgbàlagbà Ìgàndó a dáhùn pé, "Pẹ̀lẹ́ o."

Ràímì ni ń lẹ àwòrán fíìmù mọ́ ara ògiri káàkiri ìlú fún Àlàájì, òun náà ló sì ń ru àwọn páálí fíìmù wọlé láti inú mọ́tò. Yàrá kan ló gbà lẹ́yìnkùlé Ìyá Hàbíbátù, opó ará Ọ̀yọ́ tí ògiri ilé rẹ̀ kan páànù sinimá. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú ìyá náà méjèèjì. Kò rí ju òjìji lọ mọ́, bí ẹní ń wòran láti inú kùrukùru. Látìgbà ọyẹ́ ni kò ti jáde kọjá ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀! Bí eèrà méjì bá ń jà ní Òkè-Odò, ìyá yìí á mọ èyí tó jẹ̀bi.

Nígbà tí fíìmù Jàpáàn yẹn dé, gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá ló lọ wò ó. Ẹranko kan ni, ó rí bí alángbá tó jẹ gbogbo oúnjẹ ayé. Ó ga ju ilé alájà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ó ń jáde láti inú òkun, ó ń wó ilé, ó ń tu iná lẹ́nu, ó sì ń jẹ rélùwéè bí ẹní ń jẹ ìrèké. Lópin fíìmù, àwọn ṣójà ṣe é léṣe, ó wá ń padà lọ sínú omi, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Ibẹ̀ ni orin náà ti ń wọlé. Fèrè ńlá kan a kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Àwọn gòjé a wá tẹ̀ lé e, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀, sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ẹranko náà a ké lẹ́ẹ̀kan péré, omi a sì bò ó. Àwọn géńdé tó ti ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ a dákẹ́. Ràímì ti rí alápatà kan tó fi ẹ̀wù nu ojú níbẹ̀, tó sì ní eruku ni.

Ní ọjọ́ kejì tí fíìmù náà bẹ̀rẹ̀, Ìyá Hàbíbátù pe Ràímì.

"Ràímì, ọmọ ta ni wọ́n ń sin lọ sílé ọkọ lẹ́yìn ògiri mi?"

"Mà?"

"Mo gbọ́ ẹkún ìyàwó. Ohùn gòjé ni wọ́n fi ń sun ún, ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó ni. Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Ní Ọ̀yọ́, èmi náà sun ún káàkiri agboolé bàbá mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, mo sun ún. Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, mo sun ún. Omijé ń bọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń lọ. Ìyàwó tòní yẹn gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ."

Ràímì ya ẹnu láti sọ pé, "Ẹranko ni, mà." Ó wo ojú ìyá náà. Ojú náà tàn, bí ẹni tí wọ́n gbé iná àbẹ́là sí lẹ́yìn. Ẹnu Ràímì bá fúnra rẹ̀ yí padà.

"Ìyàwó ni lóòótọ́, mà. Ọmọ ọba òkun ni. Ó tóbi díẹ̀ ṣá."

"Mo mọ̀! Kí ló wá ń dún gbì-gbì-gbì kí wọ́n tó sun ẹkún?"

"Iyán ni wọ́n ń gún, mà."

"Àwọn tó ń lọgun ńkọ́?"

"Àlejò ni. Wọ́n ti mu nǹkan yó."

"Ìbọn tó ń ró?"

"Àwọn ọdẹ ìlú ọkọ ni, mà. Wọ́n ń yìnbọn kí ìyàwó káàbọ̀."

"Inú mi dùn sí i," ni Ìyá wí. "Wọ́n ṣe é dáadáa fún un."

Láti ọjọ́ náà lọ, bí ilẹ̀ bá ti ṣú díẹ̀, Ìyá a tẹ́ ẹní sí ìdí ògiri. Bí fíìmù bá parí, Ràímì a fo páànù wá ròyìn fún un: aṣọ tí ìyàwó wọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó fi sí ìdí, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló kó o dé. Irọ́ náà ga ju ẹranko náà lọ. Ràímì a máa purọ́ fún gbogbo ayé, gbogbo ayé a sì máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu pé, "Gbẹ́nu ẹ síbẹ̀ jàre." Ìyá Hàbíbátù nìkan ló ń gbọ́ irọ́ rẹ̀ dé ìparí. Nígbà tó bá sì parí, á ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Ràímì, tí ìyá rẹ̀ kú kó tó lè dá ṣòkòtò wọ̀, a gbé "lẹ́yìn náà ńkọ́" yẹn lọ sùn bí ẹní gbé irọ̀rí.

Ó wá di ọjọ́ kan, fíìmù náà lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àdíját ti ọsibítù dé pé dókítà ti gbà láti bá ìyá òun ká awọ ojú náà kúrò. Ó ní kí wọ́n má pẹ́, bí ó bá pẹ́, ojú náà yóò kú pátápátá, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Wọ́n ti dá ọjọ́. Ìyá ní òun kò lọ.

"Kí wọ́n gbé abẹ lé mi lójú, kí n sì dùbúlẹ̀ kí n máa wò wọ́n? Ẹ̀rù ń bà mí, Àdíját. Má bẹ̀ mí mọ́."

Ó kọjú sí ògiri, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Àdíját ń ránṣọ, omijé ń bọ́ sórí aṣọ oníbàárà. Èyí ló mú kí Ràímì wọlé lọ́jọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, tó ní òun fọn fèrè fún ọba Jàpáàn. Ó kàn fẹ́ kí Ìyá rẹ́rìn-ín ni. Kò mọ̀ pé Ìyá yóò di ọ̀rọ̀ náà mú.

"Ìwọ lo fọn ún?" ni Ìyá wí, ó wá yíjú kúrò lára ògiri.

"Èmi ni, mà. Kí wọ́n tó jẹ́ kí n lọ, mo gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ọmọ wọn, àwọn—"

"Ó dáa. Fọn ún fún mi láàárọ̀ ọjọ́ ọsibítù. Ọmọbìnrin yẹn sunkún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Bí mo bá gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ tèmi náà yóò lọ. Bí n kò bá gbọ́ ọ, ẹ má bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọsibítù mọ́."

Ẹ̀rọ ìránṣọ Àdíját dákẹ́. 

"Ìyá, ṣé ẹ rí i... Jàpáàn ni mo gbàgbé fèrè mi sí. Ṣùgbọ́n kò burú! Màá fi tẹlifóònù pè wọ́n. Wọ́n á fọn ún níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbé e wá tààrà."

"Mi ò fẹ́ mọ bó ṣe dé. Ṣá jẹ́ kó dé."

Àdíját tẹ̀ lé e jáde síta. Kò pariwo, èyí ló sì bani lẹ́rù.

"Bọ̀dá Ràímì, irọ́ yín kì í bí mi nínú, ẹ mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ń mú ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ pa yìí, bí Ìyá bá jókòó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí kò gbọ́ nǹkan kan, ojú ìyá mi ló máa fọ́. Ojú ìyá mi, Bọ̀dá Ràímì."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, Ràímì wá irọ́ kan tì.

Ó sáré lọ bá Àlàájì Àmúsà.

"Fíìmù wo?" ni Àlàájì wí. "Ó ti wọ rélùwéè lọ sí Kánò! Ṣé kí n fi eyín fà á padà ni? Àwòrán tí mo ní kí o lẹ̀ ní Ìkòtún ńkọ́?"

"Ó ń gbẹ lọ́wọ́, sà."

"Níbo ló ti ń gbẹ? Ó ṣì wà ní abíyá rẹ!"

Ó wọ Múṣin lọ, ó tọ gbogbo àwọn tó ń ta àwo orin. "Ẹ bá mi wá orin ẹranko Jàpáàn." Ẹni kan gbé orin Íńdíà fún un. Ẹlòmíràn bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ dá. Nígbà tí ó ń bọ̀ wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo débi pé ọ̀dà títì tuntun ń wọlé lábẹ́ rẹ̀. Àfi ìgbà tó dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù Múdàṣírù fúlkáníṣà ní Akọ́wọnjọ, tó gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde láti inú ọ̀pá rọ́bà: fùùùù. Ó dúró.

"Múdà, yá mi ní rọ́bà yẹn."

"O ní mọ́tò ni?"

"Mo ní ìyá."

Àrọ ni Ràímì tì bọ ẹnu rọ́bà náà, àrọ tí wọ́n fi ń rọ kẹrosíìnì sínú ìgò. Ó wé rọ́bà mọ́ ara rẹ̀ bí ejò, ó fi ẹnu sí ìdí rẹ̀. Ti igbe ẹranko náà ló wá le. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jó irin ni Múdàṣírù ti yá ìbọ̀wọ́ awọ kan wá. Wọ́n fi oje igi pa á, wọ́n na wáyà tí wọ́n fi ń sá aṣọ sórí àgbá ọ̀dà òfìfo, Múdàṣírù sì fi ìbọ̀wọ́ náà wọ́ wáyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú agbára.

Inú igbó Òkè-Odò ni wọ́n ti dán an wò lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́ta dákú. Àwọn ẹyẹ tó ń fò lọ sí Ìkòtún yí padà lọ sí Ìbàdàn. Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ ju ẹrù rẹ̀ nù, ó ju bàtà rẹ̀ nù, ó ku díẹ̀ kó ju ara rẹ̀ nù. Igbe ẹranko náà dára, kò sí àní-àní. Orin náà gan-an ni kò bọ́ sí i. Ó ń dún bí ewúrẹ́ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe.

"Ràímì, o ń fọn ún bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́," ni Múdàṣírù wí.

Ràímì jókòó sórí koríko. Ó ti gbọ́ orin náà títí débi pé eyín rẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n. Ó dijú. Kò rántí ẹranko náà. Ìyá Hàbíbátù ló rántí, lórí ẹní ní ìdí ògiri, bí ó ṣe máa ń gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ tí fèrè bá mí, tí á sì rọra sọ orí kalẹ̀ bí àwọn gòjé bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ó wá fọn ún bí orí ìyá náà ṣe ń lọ. Múdàṣírù, tí kì í dákẹ́ bó bá ń sùn gan-an, dákẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà pé. Oòrùn ti yọ dáadáa nígbà tí takisí Dátsun dúró níwájú ilé, tí awakọ̀ rẹ̀ fọn fèrè mọ́tò pé pé. Àdíját ti di ẹrù. Ìyá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kò wọ bàtà.

"Kò tíì dún," ló wí.

Ràímì ń gbọ́ ọ láti ibi tó sá pamọ́ sí, lẹ́yìn páànù balùwẹ̀. Rọ́bà wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù débi pé páànù ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀.

"Fọn ún!" Múdàṣírù sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ìbọ̀wọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Itọ́ mi ti tán."

"Itọ́ tí o fi ń bá ọba Jàpáàn sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Ìyá mi," ohùn Àdíját ń ti inú ilé bọ̀, ó ti fẹ́ fọ́, "awakọ̀ ní òun ò lè dúró mọ́."

"Kó máa lọ," ni Ìyá wí.

Ràímì dijú, ó fọn ún.

Ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn náà gòkè díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, rọra, rọra. Ọkùnrin tó ń fọ eyín ní ojúlé kejì gbàgbé pákò sí ẹnu. Awakọ̀ takisí pa ẹ́ńjìnì. Múdàṣírù wọ́ wáyà lẹ́ẹ̀kan, igbe náà sì jáde, ó gùn, ó nìkan wà, ó gba orí òrùlé kọjá. Ràímì húkọ́. Ó tún mú un. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún mú un. Kò la ojú. Inú ojú rẹ̀ tó dì, omi pọ̀ níbẹ̀, nǹkan ńlá kan sì ń wọ inú rẹ̀ lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Ohùn kan dara pọ̀ mọ́ fèrè náà. Ó kéré, ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà. "Mo ń lọ o, ará ilé bàbá mi. Mo ń sunkún, mo ń lọ o." Ràímì rò pé àrọ náà ló ti mọ iṣẹ́. Kò mọ̀ pé Múdàṣírù ti ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó ti sá lọ. Kò mọ̀ pé Ìyá Hàbíbátù ti dìde, ó ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ó ti fi ọwọ́ lé ògiri, ó ti kọjá ilé ìdáná àti àgbá omi, ó ń tọ orin náà bọ̀ bí ẹni tí wọ́n fà lọ́wọ́.

Ọwọ́ kan bà lé e lórí. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú bí bọ́ọ̀lù. Ó dé rọ́bà, ó tẹ̀ lé rọ́bà dé àrọ.

"Ràímì."

"Mà?" Ẹnu rẹ̀ ti jẹ́ ìpè kó tó la ojú.

"Ṣé Jàpáàn nìyí? Lẹ́yìn balùwẹ̀ mi?"

"Ìyá, ẹ... afẹ́fẹ́ ló... wọ́n ní tẹlifóònù wọn..." Irọ́ náà kú sí i lẹ́nu.

"Ìyàwó ọjọ́ náà kò húkọ́. Ìwọ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Ọwọ́ ìyá náà kò kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Àbí o rò pé n ò mọ̀? Ta ló ń gún iyán ìyàwó tí àwọn àlejò ń ké 'yéè, mo kú'? Láti ọjọ́ kẹta ni mo ti mọ̀ pé nǹkan abanilẹ́rù ni wọ́n ń wò níbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, mà?"

"Ìwọ náà ń sọ ọ́ dáadáa. Mo sì ń fẹ́ mọ ohun tó wọ̀ lọ́jọ́ kejì."

Ràímì wo ẹ̀yìn ìyá náà. Àdíját dúró níbẹ̀, bàtà ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ìborùn rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Awakọ̀ takisí wà níbẹ̀, ọkùnrin onípákò wà níbẹ̀, Àlàájì Àmúsà náà ti yọ orí lókè páànù sinimá. Gbogbo wọn ń wo Ràímì pẹ̀lú àrọ lọ́wọ́.

"Bọ̀dá Ràímì," ni Àdíját wí, "ẹ ṣé o. Ẹ ṣé gan-an ni."

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n bú u ni, Ràímì ì bá dúró. Wọ́n ti bú u láti Ṣàṣá dé Ìgàndó, ó sì dúró gbọin. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí fún ohun tó ṣe ní tòótọ́. Kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé ojú sí bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Etí rẹ̀ gbóná. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fò.

Ó fo páànù balùwẹ̀, ó fo ọgbà àgbàdo, ó fo ewúrẹ́ kan tó ṣì ń rántí Òkè-Odò. Rọ́bà ń wọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ìrù, àrọ ń dún kán-kán-kán lórí òkúta, ó sì gba títì lọ.

"Ibo ló gbà?" ni Ìyá Hàbíbátù bèèrè. Ó ti ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà.

"Ọ̀nà Akọ́wọnjọ, mà," ni awakọ̀ wí.

"Ọ̀nà tiwa náà nìyẹn. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹ máa tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kó bọ́. Òun ni yóò dì mí lọ́wọ́ mú níbẹ̀."

Ràímì gbọ́ fèrè Dátsun lẹ́yìn rẹ̀, pé pé, ó sì gbọ́ ohùn àgbàlagbà obìnrin kan tó ń ké orúkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Kò wẹ̀yìn. Ó gbá rọ́bà mọ́ra, ó tún eré náà sá.